Sàdáńkátà fún Olùtọ́ Pátákó Iṣẹ́
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà Bódìjà, n'Íbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ṣe ń fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì borí iṣẹ́ ńlá, nílànà Scrum tí Schwaber àti Sutherland gbé síta lọ́dún 1995. Láti ìgbà tí MCP, ìlànà tó ń so AI mọ́ àwọn irinṣẹ́ míì, ti jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, aṣojú AI lè wọ pátákó iṣẹ́ orí Jira, kó ka káàdì iṣẹ́, kó sún un, kó sì tọ́ka èyí tó pẹ́ lójú kan. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń darí aṣojú náà ni mo ṣe sàdáńkátà fún, ẹni tó mọ̀ pé iná tó lọ l'Ágbowó, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, ló dá káàdì kan dúró, tó sì ní kí ẹ̀rọ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.