Kí Ẹlòmíràn Lè Bá Wa Ṣe É

Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé l'Ékòó, Ṣómólú ni wọ́n máa júwe fún un. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, páálí ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti òpópónà Shyllon títí wọ àwọn àdúgbò tó yí i ká, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lèèyàn ń gbọ́. Àwọn atẹ̀wé yìí ni oníbàárà mi. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó fẹ́ tẹ nǹkan yóò fi gbé iṣẹ́ ránṣẹ́, tí wọn yóò rí iye tó jẹ́, tí wọn yóò sì sanwó láìwọ ọkọ̀ wá sí Ṣómólú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí repo, ibi tí git ń tọ́jú kóòdù áàpù sí, ṣì ṣófo, tí à ń tò ó kí ẹlòmíràn lè wọlé bá wa ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ pín sí. Ojú tí oníbàárà ń rí lórí fóònù, React la fi kọ ọ́. Ẹ̀yìn tó ń ṣe ìṣirò, Node.js ni; ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé, PostgreSQL ni. Àwọn kan máa ń fi ojú sínú repo kan, wọ́n á fi ẹ̀yìn sínú òmíràn. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán aláwọ̀ ní Ṣómólú: pléètì mẹ́rin ni, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, orí bébà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀, ojú ìyàwó á di méjì lórí káàdì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú àti ẹ̀yìn áàpù. Bí bébà bá wọ́n, tá a yí ìṣirò padà lẹ́yìn, ojú gbọ́dọ̀ bá a yí lẹ́sẹ̀kan náà. Nínú repo kan ṣoṣo, commit kan, ìyẹn àyípadà kan tá a fi pamọ́ sínú repo, ló gbé méjèèjì.

Fáìlì tí mo kọ́kọ́ ń kọ ni .gitignore. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni èyí tó ní kí .env má wọlé. Inú .env ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà, títí kan ti Paystack tá a fi ń gbowó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live_. Git kì í gbàgbé: bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wọ commit kan, tá a tilẹ̀ pa fáìlì náà rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì wà nínú ìtàn repo, ẹni tó bá yẹ ẹ̀yìn wò á rí i. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ .env.example: orúkọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo wà níbẹ̀, iwájú wọn ṣófo. Ẹni tuntun á wò ó, á mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ wa. Package-lock.json tẹ̀lé e, kí ohun èlò tó wà lórí ẹ̀rọ tèmi ní Ṣómólú má yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà ní Bàrígà. Ayọ̀ mi ni kí àbúrò kan pè mí láti Ìlàjẹ ní Bàrígà pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e wálẹ̀ o, ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi."

Linus Torvalds ló ṣe git ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, kí àwọn tó ń kọ Linux káàkiri ayé lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó ṣe ṣe é yẹn bá Èkó mu gan-an. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà repo lódindi, pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀. GitHub kàn jẹ́ ibi ìpàdé ni. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ara ni gbogbo ìlú. Àwa ń dá commit lọ lórí láptọ́ọ̀pù wa. Nígbà tí ọ̀nà là, a tì í lọ sókè, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sípò.

Fódà tó sún mọ́ ọkàn mi jù nínú repo wa kéré. Shared là ń pè é. Ohun tí ojú àti ẹ̀yìn jọ ń lò ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó kọ́kọ́ ni. Kọ́bọ̀ la fi ń ṣírò, a kì í lo nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì, torí pé nínú JavaScript, bẹ́ ẹ bá ro 0.1 mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 lẹ máa rí. Paystack náà, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbà: iṣẹ́ 25,000 náírà, 2,500,000 la máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi 25000 ránṣẹ́, 250 náírà ló máa gbà.

Lẹ́yìn owó, orúkọ. Káàdì ìgbéyàwó là ń tẹ̀; orúkọ ọmọ èèyàn kò gbọ́dọ̀ pàdánù àmì rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà ẹ: bí ohun kan ṣoṣo, tàbí bí e lásán tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò bára tan. Ẹni tó fi fóònù tẹ Ṣẹ́gun lónìí lè fi láptọ́ọ̀pù wá a lọ́la kó má rí i. Ìlà kan nínú shared, normalize("NFC"), ló ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan kó tó wọ PostgreSQL.

Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan tààrà sí main, ẹ̀ka tí gbogbo wa jọ ń lò, èmi náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù á ya branch, ìyẹn ẹ̀ka tirẹ̀, ẹlòmíràn á kà á kó tó wọlé. Mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó kéré jù láàárín wa ka tèmi, kó sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà yìí ń ṣe?" Ìlà tí kò bá hàn sí i, mo máa ń tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni GitHub á fi orúkọ dán iṣẹ́ náà wò, Ṣẹ́gun, Ọlọ́runtóbi, Ẹniọlá. Bí àmì kan bá bọ́, kò ní jẹ́ kó wọlé. Orúkọ àwọn ará Àgọ́ Ègùn ní Bàrígà là ń fi kún un báyìí, nítorí káàdì tiwọn náà ń bọ̀ wá sí Ṣómólú.