Bí Ọ̀tá Sidi Ṣe Di Ọkọ Rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìtàn tí ọkùnrin àti obìnrin ti kọ́kọ́ kórìíra ara wọn, tí ipá tàbí ẹ̀tàn so wọ́n pọ̀, tí ìfẹ́ sì wá wọ ọ̀rọ̀ náà nígbẹ̀yìn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Wọlé Ṣóyínká ti gbé e kalẹ̀ nínú eré The Lion and the Jewel, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1963. Àwa ará Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni, Faransé la fi kàwé, nítorí náà Le Lion et la Perle la mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ẹbí wa tó wà lápá Ìpókíá ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè yòówù kéèyàn fi kà á, eré náà dùn. Ibi tí ìkórìíra ti di ìfẹ́ gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé òǹkọ̀wé kò jẹ́ ká rí i.

Sidi ni arẹwà abúlé Ilujinle nínú eré náà. Lakunle, tísà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 23, fẹ́ fi í ṣaya, ṣùgbọ́n kò fẹ́ san owó orí, ó ní ìwà ará oko ni. Sidi ní bí kò bá san án, aráyé á sọ pé òun kì í ṣe wúńdíá. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn kan dé láti ìlú ńlá: fọ́tò Sidi gba ojú ewé, ti Baálẹ̀ Baroka há sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Orí Sidi wú. Nígbà tí Baálẹ̀, ẹni ọdún 62, rán ìyálé rẹ̀ Sadiku láti wá bá a fẹ́ ẹ, èébú ló fi dáhùn, ó ní arúgbó ni. Ni Baroka bá purọ́ fún Sadiku pé òun ti di akúra, torí ó mọ̀ pé ẹnu Sadiku kò ní í gbà á. Sidi gbọ́, ó sì gbọ̀nà ilé Baálẹ̀ lọ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìran inú yàrá Baálẹ̀ yìí ló dára jù lọ nínú eré náà. Sidi bá Baroka níbi tó ti ń bá oníjàkadì rẹ̀ wọ̀yá ìjà. Baálẹ̀ fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀kò ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀rọ kan hàn án, ó ní òun yóò máa fi tẹ sítáǹpù lẹ́tà, ojú Sidi ni yóò sì wà lára rẹ̀. Ó ní òun kò kórìíra ọ̀làjú. Pé ó ń sọ gbogbo òrùlé àti gbogbo ojú di bákan náà ni kò bá òun lára mu. Ọkùnrin tó fi rìbá yí ojú irin kúrò nílùú rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọni lákínyẹmí ara. Díẹ̀díẹ̀, orí Sidi rọ̀ sí èjìká rẹ̀. Níbẹ̀, mo gbà pé ọkàn ọmọ náà ń yí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìran sì parí sí. Ìgbà tí a máa tún rí Sidi, ó ń sáré bọ̀, ó ń sunkún, ó wó lulẹ̀, ó ní ẹ̀tàn ni. Kò pẹ́ rárá, ó ti ṣe ara lóge, ó ti fi ìwé ìròyìn ta Lakunle lọ́rẹ, ìlù àti orin ń sìn ín lọ sílé Baroka. Ìdí tó sọ ni pé lẹ́yìn agbára àgbà yẹn, kí ni òun fẹ́ fi ọmọdé ṣe? Ìdí yìí kéré. Sítáǹpù ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ńkọ́? Ohun kan ní láti gba ọkàn rẹ̀ kọjá láàárín ẹkún àti aṣọ ìyàwó, ṣùgbọ́n eré náà kò bi í.

Ẹlòmíì á ní àwàdà ni, kí n má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Lóòótọ́, ẹ̀rín ni Ṣóyínká ń wá, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ní Benin lónìí, òfin ẹbí tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2004 ní ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ gbà fúnra wọn, òfin ọdún 2012 sì ka fífi ipá fọ́mọ fọ́kọ mọ́ ìwà ipá sí obìnrin. Òǹwòran tó mọ èyí yóò fẹ́ mọ ohun tí Sidi gbà, àti ìgbà tó gbà á.

Sadiku ló sún mọ́ ìdáhùn jù. Ìyàwó bàbá Baroka ni tẹ́lẹ̀, òun ló kéré jù nínú àwọn ìyàwó bàbá náà. Wọ́n ṣú u lópó fún Baroka, ó sì di ìyálé. Ipò yẹn náà ló fi ń tan Sidi: bí Baroka bá kú, ìwọ náà á di ìyálé. Obìnrin yìí kan náà ló tún ń jó yí ère Baálẹ̀ ká, tó ń yọ̀ pé àwọn obìnrin ti ṣẹ́gun. Ìbínú tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde síta yẹn, àmọ́ àwọn tó ń ṣe eré náà máa ń sáré kọjá níbẹ̀ torí pé ó pani lẹ́rìn-ín.

Djaïli Amadou Amal, ará Kamẹrúùnù tó gba ẹ̀bùn Goncourt des lycéens lọ́dún 2020 fún Les Impatientes, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé náà, wọ́n fipá fún Ramla ní ọkọ, wọ́n fipá fún Hindou náà, ìfẹ́ kankan kò sì tẹ̀ lé e. Ìwé rẹ̀ kò ní adùn ti Ṣóyínká, ìrora inú rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn á pa á dé kó tó tún ṣí i, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú rẹ̀ tí a kò gbọ́ ohun tó ń rò.

Bí ẹgbẹ́ eléré kan bá fẹ́ gbé eré Ṣóyínká jáde lágbègbè wa, kí wọ́n má fi ìlù bo ibi tí Sidi ti ń sunkún. Kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ lórí ìtàgé, kí Sadiku jókòó tì í, kí onílù sì dúró dìgbà tí Sidi bá dìde fúnra rẹ̀.