Ìwé Atọ́nà àti Ìwé Àkọsílẹ̀: Àpẹẹrẹ Alùpùpù Vincent

Ìwé ìtàn àròsọ àti ìwé ewì ni àwa lámèyítọ́ sábà máa ń yẹ̀ wò. Ìwé tí a fi ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í rí ẹni tí yóò jókòó tì í, àfi bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni a fi kọ òun náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí akéwì bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, etí wa ni yóò kọ̀ ọ́; bí ẹni tí ó kọ̀wé lórí bírèkì bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó lè pa ènìyàn.

Alùpùpù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Vincent, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìparí ọdún 1955. Kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ rárá. Ní ọdún 1948, Rollie Free gun ọ̀kan nínú wọn lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní Amẹ́ríkà, eré rẹ̀ sì ju 150 máìlì lọ ní wákàtí kan. Ní ọdún kan náà ni àwọn tí wọ́n ní irú alùpùpù yìí dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1975, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa pèsè àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ṣe é ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n òun ṣì ń rìn. Irin ni ó ń gbé e rìn. Ìwé ni kò jẹ́ kí a gbàgbé bí a ṣe ń to irin náà.

Ìwé méjì ni mo fẹ́ fi wé ara wọn. Paul Richardson, ẹni tí ó ti bá ilé-iṣẹ́ Vincent ṣiṣẹ́, kọ ìwé atọ́nà kan tí ó jáde ní 1955. Ó wà létòlétò, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohùn ilé-iṣẹ́ ni ohùn rẹ̀: ó ń bá ẹni tí irin rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọwọ́ àjèjì kankan kò tí ì kan bọ́ọ̀tì náà rí. Èkejì ni èyí tí E. M. G. Stevens kọ, tí ó pè ní *Know Thy Beast*, èyí ni pé, mọ ẹranko rẹ. Orúkọ náà nìkan ti sọ púpọ̀, nítorí ẹranko méjì kì í ní ìwà kan náà. Ní tèmi, mo fi ti Stevens ṣíwájú. N kò sọ pé ó mọ ẹ̀rọ ju Richardson lọ. Ohùn ẹni tí ó ti pẹ́ lórí gàárì ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ohun kan sì wà tí ìwé 1955 kò lè sọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo pẹtiróòlù tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní ọtí ẹ̀táńọ́ọ̀lù nínú tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọtí yìí a máa ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ta ni yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń gùn ún? Ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí ni, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní ọ̀hún, bàbá onílé mi ní Vincent kan. Ó ní ìwé Richardson, ó fi ọ̀rá wé e, kì í jẹ́ kí ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án. Ó tún ní ìwé kékeré kan tí àbàwọ́n ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Mo rántí ohun tí ó kọ síbẹ̀ nígbà kan: klọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ó tú u, ó bá ọ́ìlì níbẹ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà tí ó ń sé ọ́ìlì mọ́, lẹ́yìn 200 máìlì, klọ́ọ̀ṣì tún ń yọ̀, nítorí náà kì í ṣe rọ́bà náà ni ó fà á. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni n kò rí rí nínú ìwé atọ́nà kankan. Ẹni tí ó kọ ìjákulẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ wàhálà.

Ẹ wá fi èyí wé ìwé tí mẹkáníìkì kan fún un: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára." Kí ni wọ́n yẹ̀ wò? Àmọ́ kí n má ṣe fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo di alábẹ̀wò ilé-ìwé, èmi náà kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé ju ìgbà kan lọ, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, tí mo fẹ́ tètè padà sílé.

Àkọsílẹ̀ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ọ̀ràn owó. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì Rapide a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F10AB/1. Ti Black Shadow, tí ó yára jù ú tí ó sì wọ́n jù ú, ni F10AB/1B. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, oníjìbìtì sì lè fi òòlù kékeré gbẹ́ ẹ sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fírémù máa ń fi 1900 ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, ìwé ilé-iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí alùpùpù ti jáde ní ilé-iṣẹ́ kò sí nínú ìwé yẹn. Ìjọba pàápàá ti yọwọ́: láti oṣù kọkànlá ọdún 2012, àyẹ̀wò ọdọọdún kì í ṣe dandan mọ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1960. Ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ lọ kò ní rí ìwé ẹ̀rí tí ó ń sọ iye máìlì gbà.

Bàbá onílé mi ti kú báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta alùpùpù náà. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí mi pé inú ẹni tí ó rà á dùn púpọ̀ sí ìwé Richardson tí ó mọ́ tónítóní. Mo béèrè ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ti dà á nù, nítorí pé ó dọ̀tí.