Ọwọ́ Mẹkáníìkì Lára Síìtì Ẹ́ńjìnnì

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi ojú lásán mọ síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti já. Mọ́tò á ti Lagere dé, á máa gbọ̀n tìtì. Ọ̀gá ò ní gbé kọ̀ǹpútà jáde. Yóò ṣí bónẹ́ẹ̀tì, yóò ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó fi jíà sí D, kó tẹ iná díẹ̀, kó tún fà á sí R. Ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀gá máa ń dúró sí o, kì í ṣe iwájú. Ẹ́ńjìnnì tó bá fò sókè ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Irin àti rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ra ni síìtì. Òmíràn ní omi nínú. Irin ń ru ẹ́ńjìnnì àti jíà, rọ́bà ń gbé gbígbọ̀n wọn mì. Ní 1931, Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé mọ́tò Plymouth tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó lórí rọ́bà báyìí jáde, wọ́n pe ètò náà ní Floating Power.

Ibi pípààrọ̀ síìtì ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Pákó ni àwọn mẹkáníìkì ń gbé lé jáàkì kó má baà tẹ páànù ọ́ìlì wọlé, wọn kì í sì í fún nọ́ọ̀tì le pátápátá àyàfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó. Àwọn tó ń gé táyà àlòkù dí rọ́bà tó ya, n ò lè yìn wọ́n.

Ẹ̀yin onímọ́tò, bí ọ̀gá yín bá ní síìtì ti lọ, ẹ má pè é lólè kẹ́ ẹ tó bá a wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fò.