Orúkọ Ló Kọ́kọ́ Ń Jẹ́ Káàdì Ìgbéyàwó

Nínú gbogbo ohun tí à ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú, ìwé ìpè ìgbéyàwó ló wù mí jù. Mò ń tẹ rìsíìtì, mò ń tẹ kàlẹ́ńdà fún ẹgbẹ́ àdúgbò, mo sì ń tẹ ìwé ìléwọ́ nígbà ìdìbò. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orí káàdì ìgbéyàwó ni orúkọ ìdílé méjì tí kò bára tan tẹ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ ń jókòó ti ara wọn lójú gbogbo ayé. Káàdì ti kárí ìlú kí àlùfáà tàbí lèmọ́mù tó lanu rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pẹ́ lórí orúkọ ju orí òdòdó àti ọnà lọ. Bàbá ìyàwó jẹ́ Alhaji, bàbá ọkọ jẹ́ olóyè: ta ni yóò ṣíwájú? Ìyá tó bí ọmọ ti kúrò nílé, ìyàwó kejì ló tọ́ ọ dàgbà: orúkọ ta ni a ó kọ? Bàbá ti papòdà, "Olóògbé" gbọ́dọ̀ ṣíwájú orúkọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń náwó sì fẹ́ kí tòun náà hàn. Èmi kì í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn àgbà sọ ọ́ nílé, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ ọ́ wá fún mi." Ìwé àfọwọ́kọ yẹn ń bẹ nínú fáìlì mi títí ìyàwó yóò fi wọlé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i tí oníbàárà bá gba ọ̀nà Ìtóìkín wá láti Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà wà, ìyẹn ìran àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó lọ tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Tí ọmọ apá kan bá ń fẹ́ ọmọ apá kejì, àwọn àgbà tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń fẹ́ kí orúkọ agboolé hàn pẹ̀lú orúkọ bàbá. Ọmọ tó ń bá mi ya káàdì a máa ní kò sáyè mọ́. Òdòdó ni mo máa ń ní kó yọ kúrò. Agboolé ò ṣeé yọ.

Àmì lẹ́tà wá ni tèmi gan-an. Láti ìgbà ìpàdé tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá ni ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó rí káàdì olówó ńlá tí wọ́n kọ "Sola" àti "Bose" sí gàdàgbà. Wọ́n á ní fọ́ńtì aláràbarà tí ìyàwó yàn kò ní àmì. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ni kò ní. Ṣùgbọ́n èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ńtì tí wọ́n bá ṣe tó lè kọ èdè wọn yóò ní méjèèjì. Ṣ ni kì í sábà sí níbẹ̀. "Olúṣẹ́gun àti Bọ́sẹ̀" ni mo fi ń dán fọ́ńtì tuntun wò kí n tó rà á, kí n lè rí i bóyá àmì ohùn jókòó sórí lẹ́tà tàbí ó fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi tí kò bá ti sí, mo máa ń fọwọ́ ara mi ya á sí i lórí CorelDRAW, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá gba òru gan-an. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ níjọ́ kẹjọ ni, ó yẹ kó pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, àwòrán inú fóònù ni àwọn ìyá ìyàwó máa ń mú wá, pé kí káàdì bá aṣọ ẹbí mu. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, íńkì mẹ́rin sì ni ẹ̀rọ wa ń lò, nítorí náà àwọ̀ tó mọ́ yòò lójú fóònù a máa rẹlẹ̀ lórí bébà. Ẹ gé aṣọ náà díẹ̀ wá, ká jọ gbé e ti ẹ̀dà àyẹ̀wò níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Wúrà kò sí nínú íńkì mẹ́rin yẹn. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ láti fi ṣe wúrà, àwọ̀ amọ̀ ni yóò rí. Bébà wúrà tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ káàdì ló ń dán bẹ́ẹ̀, Ṣómólú ni mo sì máa ń gbé ìyẹn lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó.

Bébà fúnra rẹ̀ ní ìhà tó gbà kí a ṣẹ́ òun. Tí a bá ṣẹ́ káàdì gírámù 300 lódì sí bí fọ́nrán inú rẹ̀ ṣe tò, ojú ìṣẹ́po yóò sán, íńkì yóò sì bó. Mo máa ń gé díẹ̀, mo máa ń fi omi tọ́ ojú rẹ̀ kan, bó bá sì ṣe ká ni yóò fi ìhà náà hàn mí. Lásìkò òjò, íńkì kì í tètè gbẹ, nítorí náà n kì í to káàdì ga léra wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kán mi lójú yóò ṣe sùúrù.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lórí WhatsApp báyìí, èmi náà sì ń yà á fún wọn. Ó dára fún ọ̀rẹ́ àti ojúgbà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, mo máa ń rọ̀ ọ́ pé kó má ṣe tẹ ọgọ́rùn-ún márùn-ún lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kó tẹ ọgọ́rùn-ún kan lórí ojúlówó, kó fọwọ́ kọ orúkọ àlejò sára àpò káàdì kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé wọn lọ fún àwọn àgbà tí a kì í pè lórí fóònù.