Olorì Arólákẹ́ àti Ìbéèrè tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Í

Ní 30 September 2022 ni Aníkúlápó, fíìmù Kunle Afolayan, jáde lórí Netflix. Nínú iyàrá kan ní Yaba ni èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbé wò ó, a sì pa fèrèsé dé nítorí ariwo ọkọ̀. Nígbà tí ó parí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kan tí ó jù wá lọ ní ìtàn alágbèrè ni, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i. Èmi ní ìtàn ìgbéyàwó ni.

Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Sàró, ahunṣọ òfì, wọ ìlú láti wá oríire. Arólákẹ́, olorì tí ó kéré jùlọ ní ààfin, rí i, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Kunle Remi ni Sàró, Bimbo Ademoye ni Arólákẹ́, Taiwo Hassan sì ni Aláàfin. A kò fi olorì yìí hàn bí oníṣekúṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, tí a fà lé ọba àgbàlagbà lọ́wọ́ láìjẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀, tí àwọn ìyáálé rẹ̀ sì kórìíra nítorí pé ọba fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ni Ademoye fi sọ púpọ̀ nínú èyí fún wa.

Bí mo ti ń wò ó, mo rántí Catherine Howard, aya karùn-ún Henry Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 28 July 1540 ni ọba, ẹni ọdún 49, gbé ọ̀dọ́mọbìnrin náà níyàwó. Ní November 1541, Thomas Cranmer, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, fi ìwé kan sílẹ̀ fún ọba nínú ilé ìsìn, ó fi ìwà tí ayaba hù kí ó tó wọ ààfin hàn án; ìwádìí sì kan Thomas Culpeper, ìránṣẹ́ ọba. A bẹ́ Culpeper lórí ní December, a sì bẹ́ ayaba ní 13 February 1542. The Private Life of Henry VIII, fíìmù 1933 tí Charles Laughton fi gba ẹ̀bùn Oscar, sọ nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ọba ni ó gbé síwájú. Ní ti èyí, Afolayan ta á yọ, nítorí pé ojú olorì ni ó kọ́kọ́ fi wo ààfin.

Cranmer yìí kan náà ni ó ṣe olórí iṣẹ́ Ìwé Àdúrà 1549, nínú èyí tí àlùfáà ń bi ìyàwó léèrè níwájú ìjọ bí ó bá fẹ́ ọkọ tí ó dúró tì í. A ń bi ìbéèrè náà nínú ìjọ wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè dá Henry lóhùn pé òun kò fẹ́? Ní ti Arólákẹ́, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi í.

Àléébù fíìmù náà ni pé kò dúró ti olorì yìí dé òpin. A pa Sàró, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, àdò agbára ẹyẹ náà sì tẹ Arólákẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ìtàn di ti Sàró: ọrọ̀, ìgbéraga, àti ìyàwó lórí ìyàwó. Arólákẹ́ kò rí ọmọ bí, ó sì tún bá ara rẹ̀ nínú ilé olórogún tí ó ti torí rẹ̀ sá kúrò ní Ọ̀yọ́! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fíìmù náà rí i, ó sì yára kọjá lọ, nítorí pé iṣẹ́ ìyanu ń dùn ún wò. Awarun ti Sola Sobowale, obìnrin olówó tí ó yan olólùfẹ́ fún ara rẹ̀, ìbá ti jẹ́ ẹni tí a lè fi wé e; òun náà kò pẹ́ tí a fi fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá náà bi mí pé kí ni èmi yóò wí bí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì bá béèrè bóyá Arólákẹ́ dẹ́ṣẹ̀. Mo ní, “Ó dẹ́ṣẹ̀, sà.”

Ó ní, “Bí ó bá wá béèrè ti ẹni tí ó fi í fún ọba ńkọ́?”

Mo ní, “Sà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ó bi mí nìyẹn.”