Ọkọ̀ Agolo àti Òfin Ìwọ̀n Nílé-Ifẹ̀

Mọ́tò kékeré tí àwọn ọmọ ń fi agolo mílíìkì, wáyà àti sílípáàsì tó ti já ṣe kì í sábà rí àyè nínú ìwé lámèyítọ́. Ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ á mẹ́nu ba orí idẹ, á mẹ́nu ba ère amọ̀, á dé orí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, á sì gbé kálàmù sílẹ̀. Eré ọmọdé la ka ọkọ̀ agolo sí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé ìbéèrè kan náà ló wà níwájú ọmọ tó ń ṣe ọkọ̀ agolo àti níwájú àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ àtijọ́: bí a bá fẹ́ sọ ohun ńlá di kékeré, kí ni a ó dín kù, kí sì ni a ó jẹ́ kó tóbi?

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí ṣíṣe mọ́tò kékeré ti di iṣẹ́ ìgbafẹ́ àwọn àgbàlagbà, ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè yìí ni pé kí a dín ohun gbogbo kù lọ́gbọọgba. Ilé-iṣẹ́ Meccano tí Frank Hornby dá sílẹ̀ ní Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò onírin Dinky Toys ní 1934. Ilé-iṣẹ́ Lesney gbé Matchbox jáde ní 1953, mọ́tò tí páálí rẹ̀ kò ju ti ìṣáná lọ. Nígbà tó di 1958, AMT ní Amẹ́ríkà ń ta páálí tí ẹni tó rà á lè fi kọ́ irú mọ́tò mẹ́ta: bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ràn oge ṣe máa tún un ṣe, tàbí bí ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Síbẹ̀, òfin ìwọ̀n kò yí padà. Ọkọ̀ Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, gùn ní nǹkan bíi mítà 4.08. Ní ìwọ̀n 1/24, ó gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 17. Ní 1/43, sẹ̀ǹtímítà 9.5. Bí táyà tàbí fèrèsé bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò nínú ìṣirò yìí, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á ní kò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ọkọ̀ agolo ṣe ń di ọkọ̀. Ọmọ náà á gé ìdérí àti ìdí agolo kúrò, á la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì fi òkúta tẹ́ páànù rẹ̀ pẹrẹsẹ. Etí páànù yìí mú, ó lè géni lọ́wọ́. Nítorí náà, á ṣẹ́ etí rẹ̀ po, á fi òkúta lù ú títí á fi lẹ̀. Ìṣẹ́po yìí ń dáàbò bo ọwọ́, ó sì tún ń fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lágbára kó má baà tẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn panel beater mọ àṣírí yìí dáadáa, nítorí ìlà àti ìṣẹ́po ara mọ́tò gidi ló ń jẹ́ kí páànù rẹ̀ dúró. Á fi ìṣó lu ihò mẹ́rin sísàlẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, á sì ki irin agboòrùn tàbí sípóòkì kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ó kan táyà. Á da ẹnu agolo dé orí sílípáàsì, á fi bírò yí i po, á sì fi bíléèdì gé e ní róbótó mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, á so ọ̀pá gígùn mọ́ iwájú ọkọ̀, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ darí táyà iwájú, kó lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lóòró láìbẹ̀rẹ̀, bó ti ń sáré lọ ládùúgbò.

Lẹ́yìn èyí ni oge ń bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tó ti jó di iná iwájú. Ọ̀rá di gíláàsì. A kọ nọ́ńbà sídìí ọkọ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n síwájú rẹ̀, bí àwọn onílọ́rì ṣe máa ń kọ ọ́ sára bọ́lẹ̀kájà nígbà kan rí. Ọmọ náà kì í ṣàdéédé yan agolo rẹ̀. Agolo mílíìkì tí a kò là, tí a dá dùbúlẹ̀, táńkà epo ni. Agolo sàdíìnì tí igun rẹ̀ rí róbó, dánfó ló bá mu. Ẹni tó bá fẹ́ lọ́rì á la agolo tó tóbi. Kó tó gé ohunkóhun, ojú inú rẹ̀ ti rí ọkọ̀ tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá fi òfin 1/24 wọn ọkọ̀ yìí, kò ní yege. Táyà rẹ̀ tóbi ju ara lọ. Iná iwájú rẹ̀ tóbi bí ojú òwìwí. Ẹrù orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí, ìjókòó kì í sí nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣé àìmọ̀ ló fa èyí? Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dáhùn.

Ní 1957, níbi tí wọ́n ti ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó, wọ́n hú ère idẹ Ọọ̀ni kan tó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 47. Aṣọ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, adé àti ọ̀pá àṣẹ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo wọn pé pérépéré. Ṣùgbọ́n orí ère náà gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Orí àgbàlagbà gidi kì í sábà ju ìdá kan nínú méje lọ. Ẹni tó bá ní oníṣẹ́ náà kò mọ ìwọ̀n, kó lọ wo ojú bàbà Ọbalùfọ̀n tí wọ́n ti tọ́jú sí ààfin tẹ́lẹ̀, tàbí àwọn orí tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí èèyàn gan-an, tí ihò imú, ètè àti etí wọn bá ti alààyè mu. Kó tún wo ère tó jókòó tí wọ́n rí ní Tada, létí odò Ọya, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìwọ̀n ara mu. Àwọn tó da àwọn ère yìí mọ bí a ti í ṣe ohun ní ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ odindi ọba di kékeré, wọ́n yàn láti fi orí sílẹ̀ ní ńlá, nítorí orí ni ibùjókòó àyànmọ́ àti ọlá. Ìpinnu ni.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ agolo. Ohun tó mú ọkọ̀ jẹ́ ọkọ̀ lójú ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà ni pé ó ń yí, ó ń tan iná lóru, ó ń ru ẹrù, ó sì ń gbé orúkọ olówó rẹ̀ kiri. Táyà, iná, ẹrù àti ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ̀ ló wá di ńlá. Ìjókòó tí a kì í rí láti ìta di ohun tí a lè fi sílẹ̀. Ọmọ náà ti fi ìwọ̀n sọ èrò rẹ̀ nípa mọ́tò, bí oníṣẹ́ Ìta Yemòó ti fi ìwọ̀n sọ èrò tirẹ̀ nípa ọba.

A kò ṣe aláìní irinṣẹ́ láti fi ṣe ìdájọ́ irú iṣẹ́ yìí. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn Yorùbá tó mọ ère dáadáa lẹ́nu wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ère dáradára ni jíjọra, ìfarahàn, dídán àti gígún. Rowland Abíọ́dún, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó tó lọ sí Amherst ní Amẹ́ríkà, fi ojú inú, ojú ọnà àti ìfarabalẹ̀ kún un. Jíjọra tí àwọn àgbà yìí ń sọ ní ààlà: ère kò gbọdọ̀ jọ ẹni kan jù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí èèyàn jù. Ọkọ̀ agolo tó dára dúró sí àárín yìí. A wò ó, a mọ̀ pé dánfó ni. Síbẹ̀ a ṣì ń rí agolo sàdíìnì nínú rẹ̀, ìdùnnú ojú sì wà nínú rírí méjèèjì pọ̀.

Gígún gan-an ni ọkọ̀ agolo ti ní ohun tuntun láti kọ́ lámèyítọ́. Ojú la fi ń mọ ère tó gún. Ní ti ọkọ̀ agolo, ilẹ̀ ló ń ṣe ìdájọ́. Bí ihò méjèèjì tí irin táyà gbà kọjá kò bá sí lórí ìlà kan náà, ọkọ̀ náà á máa yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ tó ni ín á sì tú u palẹ̀ kó tó tún un lù. Ẹwà àti ìwúlò pàdé nínú ihò ìṣó méjì. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ agolo ló yege nínú ìdánwò yìí. Òmíràn wà tí a kùn lọ́dà àti tírò débi tí ìfarahàn fi sọnù, tí ojú kò mọ ibi tí iwájú ọkọ̀ wà mọ́. Àìyege yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé òfin wà.

Àwọn kan á sọ pé òṣì ló bí ọkọ̀ agolo, pé bí bàbá ọmọ náà bá lówó ni, á ra mọ́tò oníke fún un. Òṣì lè sọ ìdí tó fi lo agolo fún wa; kò lè sọ ìdí tí iná iwájú fi tóbi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kìlọ̀ fún wa. Ó ń gbẹ́ àwọn ère kékeré òyìnbó, amòfin àti àwọn míṣọ́nnárì, tí orí wọn tóbi ju ara lọ. Yíǹkì pupa àti dúdú pẹ̀lú oje funfun tí a fi ń kun bàtà ló fi ń kùn wọ́n, á sì gbẹ́ agboòrùn àti ìwé wọn lọ́tọ̀ kó tó fi wọ́n sí wọn lọ́wọ́. Julius Lips gbé iṣẹ́ Odùlátẹ̀ sínú ìwé kan ní 1937 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀ tí ọmọ Áfíríkà fi ń san ẹ̀san lára òyìnbó. William Bascom, tó ti ṣe ìwádìí nílé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ló wá bi oníṣẹ́ náà léèrè. Ọ̀nà ní òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀. Ayé tí òun ń rí ni òun ń gbẹ́. Bascom tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1957. Àwọn tó mọ ìlànà orí ńlá nínú ère Yorùbá ì bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwa àti àwọn aládùúgbò wa kò yọ mọ́tò sílẹ̀ nínú ọnà tó lágbára. Orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbé alùpùpù àti bàálù rí. Ní Teshie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra, káfíńtà Kane Kwei sọ pósí di mọ́tò Mercedes, wọ́n sì ń sin òkú nínú rẹ̀. Nílé-Ifẹ̀ gan-an, àwọn olùyàwòrán tó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989, tí Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlání wà lára wọn, sọ ọ́ di ìlànà pé kí oníṣẹ́ ọnà wo àyíká rẹ̀ fún àwọ̀, fún àpẹẹrẹ àti fún ohun èlò. Ọmọ tó ń gé sílípáàsì ti ń tẹ̀lé ìlànà yẹn láìka ìwé rẹ̀.

Ohun tí eré yìí lè dà hàn kedere ní 2014. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mú ògbólógbòó Ìjàpá, ó fi pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé rẹ̀, ó fi abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó bátìrì sẹ́yìn, ó sì fún ìdí ọkọ̀ náà lágbára kó lè gbé ìwúwo bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lò jẹ́ àlòkù tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fún un. Wíwo ohun tí ẹlòmíràn ti sọ nù kí a sì rí ọkọ̀ nínú rẹ̀, ojú ọnà ọlọ́kọ̀ agolo nìyẹn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí. Láti 1930 títí di 1968, ilé-iṣẹ́ General Motors ń ṣe ìdíje Fisher Body Craftsman's Guild fún àwọn ọmọkùnrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba ni wọ́n ń ṣe ní kékeré. Nígbà tó yá, mọ́tò tí ọmọ náà ronú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n 1/12 ló kù. Ẹni tó bá gbégbá orókè á gba ẹ̀bùn owó ilé-ìwé gíga, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà di ayàwòrán mọ́tò ní General Motors àti níbòmíràn. Jelani Aliyu, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Sókótó, tó sì wà lára àwọn tó ya Chevrolet Volt, ti ń ya mọ́tò láti kékeré. Bí General Motors ṣe rí ohun tó yẹ kí ó náwó lé nínú mọ́tò ìṣeré ọmọdé, kò yẹ kí àwa pè é ní ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé.

Ìdájọ́ mi ni pé ọkọ̀ agolo jẹ́ ọnà, ó ní òfin ìwọ̀n tirẹ̀, òfin náà sì bá ti Ifẹ̀ àtijọ́ mu. Ewu tó wà ni pé páànù ń dípẹtà, sílípáàsì ń rún, mọ́tò oníke sì ti kún ọjà. Mo bẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, kí wọ́n ra díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tó ṣe é sí i bó bá gbà. Mo bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì wa, kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ẹ bá bá ọmọ níbi tó ti ń gé agolo, ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣẹ́ etí páànù kó má baà fi ara pa, kí ẹ sì bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí táyà rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí èsì rẹ̀.